Kí ni “concessionaire” tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn mi?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ilé ìtajà ńlá kan fẹ́ kí n wá gba igun kan lọ́dọ̀ wọn kí n máa ta ọjà mi. Wọ́n ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Gbogbo ibi tó yẹ kí orúkọ mi wà, “concessionaire” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tí wọ́n dín owó kù fún ni. Ẹnìkejì ní ayálégbé ni, pé wọ́n kàn fi òyìnbó bò ó lójú ni. Ẹ̀kẹta ní kò yàtọ̀ sí dílà, kí n yára bu ọwọ́ lù ú kí wọ́n má baà fún ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n dá a padà. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an? Ibo ló ti wá? Ṣé orúkọ lásán ni, àbí ó ń yí nǹkan padà?

---

Àbúrò, má tíì bu ọwọ́ lù ú. Orúkọ yẹn ń yí nǹkan padà.

Concessionaire ni ẹni tí ẹlòmíràn yọ̀ǹda àyè tàbí ẹ̀tọ́ kan fún kó fi ṣòwò, fún ìgbà kan, tí ẹni tó yọ̀ǹda á sì máa gba tiẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda yẹn ló ń jẹ́ concession. Ó lè jẹ́ igun kan nínú ilé ìtajà, ìsọ̀ kan ní pápákọ̀ òfuurufú, tàbí ilé oúnjẹ nínú ọgbà ìjọba. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀tọ́ láti wa epo, láti gbẹ́ ọ̀nà omi, tàbí láti máa gba owó lójú títì. Bó ti wù kó tóbi tó, ẹnìkan ló ni àyè, ẹlòmíràn ló ń ná owó rẹ̀ síbẹ̀. Ọrùn ẹni tó ń ṣòwò ni èrè àti àdánù wà. Ọjọ́ kan sì ń bẹ tí gbogbo rẹ̀ máa parí, tí àyè á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálukú wọn rí ibì kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbà á nínú wọn.

---

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹni tó ní wọ́n dín owó kù. Ó ní ibi tó ti rí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí tíkẹ́ẹ̀tì ilé eré àti ti ọkọ̀, “concession” ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iye tí akẹ́kọ̀ọ́ àti arúgbó máa san. Gbòǹgbò kan náà ló bí méjèèjì, ìyẹn concedere ti èdè Látìn: kí èèyàn yẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó fàyè sílẹ̀, kó yọ̀ǹda. Ẹni tó dín owó fún arúgbó yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ohun tó yẹ kó gbà. Ẹni tó fún ọ ní igun yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ohun tó ni. Olóṣèlú tó gbà pé alátakò òun ló borí nínú ìbò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún un.

Àwọn Faransé ló sọ ọ́ di orúkọ oníṣòwò, concessionnaire, n méjì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Títí di òní, bí o bá béèrè concessionnaire ní ilẹ̀ Faransé, tàbí concesionario ní Sípéènì, ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ni wọ́n máa júwe fún ọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ní dílà ni ti rí ẹ̀rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n dílà mọ́tò ń ra ọjà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ilé ara rẹ̀ ló sì ti ń tà á. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún un ni orúkọ àti agbègbè. Ìwọ, ọjà tìrẹ lo fẹ́ kó wọ ilé wọn. Òdìkejì pátápátá ni.

Ẹnìkan ti bá mi jiyàn rí pé “concessioner” tí òun rí nínú ìwé kan láti Amẹ́ríkà, àṣìkọ ni. Kì í ṣe àṣìkọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tó ń darí òwò nínú àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe kọ ọ́, ti ọdún 1965 àti ti 1998 tó rọ́pò rẹ̀. Èèyàn kan náà ni.

---

Ẹnìkan dá sí i báyìí: “Ìwé àṣẹ ni ìwé àṣẹ. Bí ìjọba bá ti fún mi ní láísẹ́ńsì láti tajà, concessionaire ni mí.”

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Láísẹ́ńsì tí ìjọba fún ọ kàn ń sọ pé o kò rú òfin bí o bá ń ta ọjà yẹn ni. Kò fún ọ ní ibi tí o máa dúró sí, kò sì ní kí wọ́n má fún aládùúgbò rẹ ní irú ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá pé ojú ìwọ̀n ló lè gbà á. Concession ni kí ẹni tó ni ibì kan yàn ọ́ láàárín àwọn tó ń fẹ́ ibẹ̀, kó ní, “Ìwọ ni kó o wá.” Nínú ọ̀pọ̀ òwò, o nílò méjèèjì, ọ̀kan ò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Mo mọ ọkùnrin kan tó gba àyè nínú pápá ìṣeré kan láti máa ta ohun mímu. Ó ti to ẹrù, ó ti gba òṣìṣẹ́, kí àwọn aláṣẹ tó wá tì í pa nítorí pé láísẹ́ńsì ọtí ò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó gbà pé nígbà tí onípápá ti fún òun láyè, láísẹ́ńsì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìwé àdéhùn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ wà ní títì, owó àyè sì ń gorí ara wọn lọ́rùn rẹ̀ lóṣooṣù. Nítorí náà, wò ó bóyá ìwé tìrẹ sọ ẹni tó máa gba láísẹ́ńsì, kí o sì wò ó bóyá owó máa dúró bí láísẹ́ńsì bá pẹ́ kó tó jáde.

---

Ẹlòmíràn ní a ń fi ọ̀rọ̀ ńlá wé igun ilé ìtajà, pé nínú ìtàn àwọn ìjọba àti epo rọ̀bì lòun ti mọ concession. Òótọ́ ló sọ, ìtàn yẹn sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó béèrè, nítorí ohun tó ba tàwọn ńlá jẹ́ náà ló ń ba ti kékeré jẹ́.

Lọ́dún 1854, Said Pasha tó ń ṣàkóso Íjíbítì yọ̀ǹda fún Ferdinand de Lesseps, ọmọ Faransé, láti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kó sì la ọ̀nà omi Suez. Ọdún 99 ni wọ́n fún un, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tí ọ̀nà omi bá ṣí. Ó ṣí ní oṣù kọkànlá ọdún 1869, ó sì yẹ kó padà sọ́wọ́ Íjíbítì ní 1968. Nasser, ààrẹ Íjíbítì, ò dúró dìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1956, ó kéde pé ìjọba ti gbà á, ogun sì ti ìdí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí ọdún yẹn tó parí.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ àwa oníṣòwò jù ni ti tábà ní Páṣíà, ìyẹn Ìráànì òde òní. Lọ́dún 1890, ọba ibẹ̀, Naser al-Din Shah, kó gbogbo òwò tábà fún Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Gerald Talbot: rírà rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, títà rẹ̀ nílé, kíkó o lọ sókè òkun, fún 50 ọdún. Ohun tí ọba máa gbà ni 15,000 pọ́n-ún lọ́dọọdún àti ìdá mẹ́rin èrè. Ṣùgbọ́n òwò tí wọ́n yọ̀ǹda yìí ní àwọn tó ń fi í jẹun. Àgbẹ̀ tó ti ń tà fún ẹni tó wù ú di ẹni tí oníbàárà kan ṣoṣo kù fún. Alágbàtà tó jogún iṣẹ́ náà di alejò nídìí òwò bàbá rẹ̀. Ní ìparí 1891, àṣẹ ẹ̀sìn jáde ní orúkọ Mirza Shirazi, àgbà àlùfáà Mùsùlùmí, pé kí ẹnikẹ́ni má fa tábà mọ́, àwọn èèyàn sì jáwọ́ nínú ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Ní 1892, ọba fagi lé e, ìjọba rẹ̀ sì ní láti yá owó láti fi san 500,000 pọ́n-ún owó ìtánràn fún ilé iṣẹ́ náà.

Ohun méjì ni kí o mú níbẹ̀, àbúrò. Àkọ́kọ́: bí wọ́n bá ní ìwọ nìkan ló máa ta irú ọjà rẹ níbẹ̀, béèrè bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ti ń tà á. Ìkejì: bí ẹnìkan bá já àdéhùn kọjọ́ tó pé, ta ló ń san owó fún ta? Ìwé Talbot lágbára tó láti gba owó ìtánràn. Ṣé tìrẹ lágbára bẹ́ẹ̀?

---

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ ńlá yìí ti di ọ̀rọ̀ ìsọ̀? Níbi ìpàtẹ ńláńlá àti pápá ìṣeré ni, ní Amẹ́ríkà pàápàá.

Ní ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Chicago lọ́dún 1893, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún fàájì tí wọ́n ń pè ní Midway Plaisance. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba concession, kó máa pín owó tó bá wọlé pẹ̀lú àwọn tó ṣètò ìpàtẹ. Kẹ̀kẹ́ ńlá tí George Ferris kọ́ síbẹ̀, concession ni. Gíga rẹ̀ tó 80 mítà, ó ní ilé 36, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 60 èèyàn, 50 sẹ́ńtì ni wọ́n sì ń san láti gùn ún. Èrò wọ́ tọ̀ ọ́ gan-an. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìpàtẹ, Ferris pariwo pé àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi ìpín òun àti àwọn tó bá òun dá owó jẹ òun níyà, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ó kú ní 1896, ẹni ọdún 37, láàárín wàhálà owó. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò bà jẹ́, èrò ò sì wọ́n. Orí ìṣirò ẹni tó yẹ kó gba iye báyìí ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú.

Ní ti pápá ìṣeré, Harry M. Stevens, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ gbé ní Ohio, gba ẹ̀tọ́ láti máa ta ìwé tí wọ́n ń kọ àmì ayò sí fún àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù baseball, láti ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sórí oúnjẹ àti ohun mímu. Sinimá tẹ̀ lé e. Àwọn onísinimá kọ́kọ́ lé àwọn tó ń ta gúgúrú dànù, lẹ́yìn náà wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí wọ́n sì rí bí èrè rẹ̀ ti pọ̀ tó, wọ́n gbà á ṣe fúnra wọn. Fi ojú sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Onílé tó ń gba ìpín nínú ọjà rẹ ń rí iye tí ò ń tà lójoojúmọ́. Bí òwò náà bá dùn, ó mọ̀ ọ́n kí o tó sọ fún un.

---

Ó wá ku ayálégbé. Èyí ni wọ́n jiyàn lé lórí jù, ó sì tọ́.

Àwọn kan ní, “Bí mo bá ń san owó lóṣooṣù, ayálégbé ni mí, òfin ilé ló ń dáàbò bò mí.” Àwọn mìíràn ní, “Ohun tí wọ́n bá ti kọ sórí ìwé náà labẹ gé.” Kò sí èyí tó tọ́ tán. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Street àti Mountford. Yàrá gbígbé ló dá a sílẹ̀. Street, tó jẹ́ onílé, ti kọ ọ́ pé ìyọ̀ǹda lásán lòun fún Mountford, obìnrin tó gba yàrá náà, kì í ṣe háyà. Lord Templeman, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, ní bí èèyàn bá gba ibì kan fún òun nìkan, fún ìgbà kan, tó ń san owó lé e, ayálégbé ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é nínú ìwé. Ó ní ẹni tó rọ irinṣẹ́ oníka márùn-ún tí wọ́n fi ń tú ilẹ̀, fọ́ọ̀kì ló rọ, kódà kó máa búra pé ṣọ́bìrì ni.

Gbogbo rẹ̀ wá dá lórí “fún òun nìkan” yẹn. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ta ló ń sọ ìgbà tí o máa ṣí àti ìgbà tí o máa tì? Ṣé onílé lè gbé ọ kúrò ní igun yìí lọ sí igun mìíràn? Bí ó bá lè gbé ọ, kì í ṣe ìwọ nìkan lo ni ibẹ̀, o ò sì lè pe ara rẹ ní ayálégbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà onílé fi máa ń rí i dájú pé gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé.

Mo bá obìnrin kan tó ń ta lọ́fínńdà ka ìwé tiẹ̀ nígbà kan. Tábìlì rẹ̀ wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ńlá, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ilé iṣẹ́ kan tó lówó jù ú lọ dé, wọ́n sì gbé e lọ sí òkè kẹta, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pàtẹ báàgì ìrìn-àjò sí. Wọ́n fún un ní àyè tó fẹ̀ tó èyí tí tábìlì rẹ̀ gbà tẹ́lẹ̀ láìdín ìka kan. Iná ò mọ́lẹ̀ dáadáa níbẹ̀, àwọn tó ń wá báàgì sì kì í dúró gbóòórùn. Gbólóhùn tí wọ́n dì mú kò ju ìlà kan lọ: “ní ibi tí onílé bá yàn láti ìgbà dé ìgbà.” Owó tó gbọ́dọ̀ san lóṣù ò yí padà. Bí wọ́n bá kọ ìlà yẹn sínú ìwé rẹ, tí wọn ò sì gbà láti yọ ọ́, ní kí wọ́n fi kún un pé bí wọ́n bá gbé ọ, owó á dín bí ọjà bá ṣe dín, tàbí kí o lè kó ẹrù rẹ lọ láìsan ìtánràn.

---

Bí ẹ bá rò pé àríyànjiyàn orúkọ ló le jù, ẹ dúró dìgbà tí òṣù bá parí.

Ìwé ìṣirò tí onílé ń fi ránṣẹ́ sí concessionaire lópin oṣù, èmi máa ń kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lókè pátápátá ni gbogbo ohun tí o tà, ká pè é ní 100. Lábẹ́ rẹ̀ ni èyí tí oníbàárà dá padà, 4. Ìpín onílé tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, owó báńkì lórí káàdì, owó iná, owó ìmọ́tótó, owó ìpolówó “àjùmọ̀ṣe” tí ẹnikẹ́ni ò bi ọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Nísàlẹ̀ ni ohun tó kù fún ọ, nínú rẹ̀ lo sì ti máa san òṣìṣẹ́ àti ọjà. Wo ibi tí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn ti jáde. Ṣé lára 100 ni wọ́n ti yọ ọ́ ni, àbí lára 96? Bí ó bá jẹ́ lára 100, ò ń san ìpín fún wọn lórí ọjà tí oníbàárà ti dá padà.

Àwọn kan ń sọ pé ìpín ló dáa jù, pé bí ọjà ò bá tà, o ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí iye tí kò gbọ́dọ̀ dín nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ pé kí o san ìpín tàbí iye kan pàtó, “èyí tó bá pọ̀ jù.” Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ti gbé àdánù kúrò lọ́rùn onílé pátápátá.

Ọ̀rọ̀ àpótí owó ló wá ń dùn mí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá, ẹ̀rọ ìgbowó onílé ni oníbàárà ń sanwó sí. Owó rẹ wọ báńkì onílé, ó sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó yọ tirẹ̀, kó wá fi èyí tó kù ránṣẹ́. Bí onílé bá kógbá wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́? Nígbà tí House of Fraser nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣubú ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn tó ń tajà ní orúkọ ara wọn nínú ilé ìtajà náà wà lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó. Ọjà tiwọn ni, oníbàárà ti sanwó, ṣùgbọ́n inú àpótí ẹlòmíràn lowó wà. Ohun tó lè gbà ọ́ ni kí wọ́n kọ ọ́ kedere pé owó ọjà rẹ jẹ́ tìrẹ láti ìgbà tí oníbàárà ti san án, pé onílé kàn ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ ni, inú àkáńtì ọ̀tọ̀ sì ni yóò máa wà. Bí wọn ò bá gbà, lo ẹ̀rọ ìgbowó tìrẹ.

---

Ẹni tó béèrè bóyá ó ṣì ń jẹ́ concession bí onílé bá ṣèlérí pé òun ò ní jẹ́ kó pàdánù: lójú òfin Yúróòpù, ní ti èyí tí ìjọba ń fúnni, rárá o. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, Directive 2014/23, sọ pé ewu òwò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́rùn ẹni tó gba concession. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sọ̀yà fún un pé owó tó ná máa padà wọlé, iṣẹ́ àgbàṣe ni, kì í ṣe concession. Òfin kan náà ní èyí tó bá ju ọdún 5 lọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìgbà tó yẹ kí ẹni tó gbà á fi rí owó tó ná padà pẹ̀lú èrè tó bójú mu.

Ìwọ kì í bá ìjọba ṣòwò, àbúrò, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn wúlò fún ọ. Bí o bá máa ná owó sórí pẹpẹ, dígí àti iná, tó máa gba ọdún mẹ́ta kí owó náà tó padà wọlé, kí lo fẹ́ fi ìwé ọdún kan ṣe?

---

Franchise ńkọ́? Ẹnìkan ní bákan náà ni.

Ẹ wo orúkọ tó wà lókè ìsọ̀. Nínú franchise, orúkọ àti ọ̀nà ìṣòwò ẹlòmíràn lo gbà, ìwọ lo sì ń wá ilé tí o máa lò ó sí. Nínú concession, ilé ẹlòmíràn lo wọ̀, orúkọ tìrẹ lo sábà máa ń gbé wọ ibẹ̀. Wọ́n lè pàdé: ẹni tó ra franchise oúnjẹ kan lè gba concession ní pápákọ̀ òfuurufú láti tà á níbẹ̀. Ẹni méjì ló ń san ìpín fún nígbà náà, ìwé méjèèjì sì gbọ́dọ̀ parí ní àkókò kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa san owó orúkọ tí kò ní ibi tó máa lò ó sí.

Lórí pé kí ìwé ní ọjọ́ ìparí, ìtàn Coca-Cola dára láti mọ̀. Lọ́dún 1899, Benjamin Thomas àti Joseph Whitehead gba ẹ̀tọ́ láti máa rọ ọ́ sínú ìgò káàkiri ibi tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, dọ́là kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ sínú ìwé. Ìwé náà kò ní ọjọ́ ìparí, iye owó tí ilé iṣẹ́ máa ta omi adùn tí wọ́n fi ń ṣe é fún wọn sì dúró sójú kan. Nígbà tí ṣúgà wọ́n gógó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ kò lè gbà á mọ́, wọ́n sì bá ara wọn dé ilé ẹjọ́. Ìwé tí kò ní òpin le fún ẹni tó kọ ọ́ bó ṣe le fún ẹni tó gbà á.

---

Mo fẹ́ fi èyí kún un torí pé ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn án: orúkọ tó bá gbajúmọ̀ ní àsìkò rẹ, ta ló ni ín?

Nínú ọgbà Yosemite ní California, ilé iṣẹ́ Delaware North ló ń bójú tó ilé ìtura àti ilé oúnjẹ láti 1993. Láàárín ìgbà yẹn, ó fi orúkọ àwọn ibẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà, títí kan Ahwahnee, ilé ìtura tó ti wà láti 1927. Nígbà tí wọ́n fún ilé iṣẹ́ mìíràn, Aramark, ní concession náà, Delaware North ní kí wọ́n ra àwọn orúkọ yẹn lọ́wọ́ òun, iye tó béèrè fún ohun gbogbo sì lé ní 50 mílíọ̀nù dọ́là. Ìjọba ò gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n pa orúkọ rẹ́ lára pátákó káàkiri ọgbà náà, Ahwahnee sì di Majestic Yosemite Hotel. Àárín 2019 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀ pẹ̀lú 12 mílíọ̀nù dọ́là, Aramark ló san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, orúkọ àtijọ́ sì padà.

Àwọn èèyàn ń bínú sí Delaware North lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbínú tèmi wà fún ìwé tí kò sọ ọ́ kedere láti ọjọ́ kìíní. Bí o bá fún igun rẹ ní orúkọ, tí orúkọ yẹn sì mú èrò wá, onílé lè fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ. Kọ ọ́ sínú ìwé pé tìrẹ ni. Kọ ti pẹpẹ, dígí àti ẹ̀rọ náà, kí o sì kọ ọjọ́ tí o ní láti fi kó wọn jáde.

---

Ẹni tó béèrè padà wá: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ní ibi tí onílé bá yàn” wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìpín wà, iye tí kò gbọ́dọ̀ dín náà wà. Ẹ̀rọ ìgbowó tiwọn ni. Ọdún kan ni. Mo pè wọ́n: wọ́n ní àwọn lè fún mi ní àkáńtì ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibi tí mo máa wà, gbogbo èèyàn ló ń bu ọwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀, àwọn ò lè yí i padà fún èmi nìkan. Kí ni kí n ṣe?

---

Àkáńtì ọ̀tọ̀ yẹn, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹnu lásán ò tó. Kí wọ́n sì kọ ọ́ pé owó tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tìrẹ, torí àkáńtì tó jẹ́ orúkọ onílé nìkan ló wà lórí rẹ̀ lè bá onílé lọ.

Ní ti ibi tí o máa wà, má jà pé kí wọ́n yọ ọ́. Onílé fẹ́ lè tún ilé rẹ̀ tò, kò sì burú. Ní kí iye tí kò gbọ́dọ̀ dín yẹn bá ibi tí wọ́n gbé ọ sí mu: bí wọ́n bá gbé ọ, kí ó di ìpín nìkan títí ọdún á fi parí. Ìyẹn ò ní kí wọ́n yí ìwé gbogbo èèyàn padà, ìlà kan ni lábẹ́ tìrẹ. Bí wọn ò bá gba ìyẹn náà, a jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ pé àwọn máa gbé ọ.

Lórí ọdún kan, béèrè ọdún kejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ tìrẹ bí o bá ta dé iye kan tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Bí wọ́n bá ní rárá, má kọ́ nǹkan mọ́ ilẹ̀. Ra pẹpẹ tó ṣeé tú, iná tó ṣeé yọ, kí o sì fi owó tó kù ra ọjà. Wá lọ́yà tó mọ̀ nípa òwò kó ka gbogbo rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé. Bí wọ́n bá ní kò sáyè fún lọ́yà, ní kí wọ́n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí o sì gba èsì wọn ní kíkọ.